Níbo ni èrè náà ti ń wá? Ìbéèrè kan tó lè gba ọlọ́jà lọ́wọ́ òfò

Bí ìyá kan bá fẹ́ ra iṣu ní ọjà Arzèkè ní Parakou, kì í kàn san owó kó sì gbé iṣu lọ. Yóò gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó wúwo, yóò yí i síwá sẹ́yìn, yóò tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ti ń rà, yóò béèrè bóyá tuntun ni tàbí ti ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Nítorí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan ló ṣe ń ṣe gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà lè kó owó tó fi ọdún márùn-ún tù jọ fún ẹni tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀, nítorí pé wọ́n ní owó náà yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù díẹ̀. Kò ní yí i, kò ní tẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ní ná an.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju èyí lọ: làákàyè tí ẹ fi ń ra iṣu, ẹ mú un dání nígbà tí ọ̀rọ̀ tó tóbi ju iṣu lọ bá délẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní àròjinlẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Àmọ́ kì í ṣe ti ọmọ yunifásítì nìkan. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò béèrè.

Ohun tí ojú rí ní 2010

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà náà kò ní tíì gbàgbé orúkọ ICC Services. Ilé iṣẹ́ yìí ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú káàkiri orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì ń ṣèlérí èlé tí kò sí báńkì kankan tó lè san irú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń san án lóòótọ́. Ẹni tó gba èlé á sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á sọ fún àna, àna á sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àjọ. Bẹ́ẹ̀ ni owó ń wọlé.

Nígbà tó di àárín ọdún 2010, owó dáwọ́ dúró. Ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí owó wọn há síbẹ̀, owó ọ̀hún lápapọ̀ sì ju 100 bílíọ̀nù sẹ́fà lọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù keje ọdún náà, Ààrẹ Boni Yayi yọ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé nípò. Ẹjọ́ rẹ̀ kò sì parí bọ̀rọ̀. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ CRIET, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2018, tó dá ẹ̀wọ̀n fún àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí owó há ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí ìdájọ́ tó dé.

Kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀ nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MMM wọ Nàìjíríà. Wọ́n ní ẹni tó bá fi 100 naira sílẹ̀ yóò gba 30 lé e lórí lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí àwọn ènìyàn ń múra ọdún Kérésì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní fún oṣù kan péré. Àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó inú báńkì ní Nàìjíríà sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ló pàdánù bílíọ̀nù 18 naira síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orúkọ MMM yìí kì í ṣe orúkọ tuntun. Rọ́ṣíà ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́kọ́ dojú dé ní 1994. Ẹni tó bá béèrè ìtàn orúkọ náà kó tó fi owó sílẹ̀ ì bá ti gbọ́ ọ.

Ẹni tó kà á, tó sì rí irọ́ rẹ̀

Irú jìbìtì yìí ti pẹ́ láyé. Orúkọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Ponzi ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní 1920, Ponzi sọ fún àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá fún òun ní 100 dọ́là, òun yóò dá 150 padà fún wọn láàárín ọjọ́ 45. Ó ní òwò tí òun ń ṣe ni pé òun ń ra ìwé kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ní owó pọ́ọ́kú, tí òun sì ń pààrọ̀ rẹ̀ sí sítáǹbù tó níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Ìwé náà wà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì dà bí òwò tó mọ́gbọ́n dání: ra á níbi tó ti pọ́n, tà á níbi tó ti wọ́n. Ṣé kì í ṣe ohun tí gbogbo ọlọ́jà ń ṣe nìyẹn?

Akọ̀ròyìn kan tó mọ̀ nípa òwò, Clarence Barron, wá béèrè ìbéèrè méjì. Èkíní: bí Ponzi bá ń ra ìwé wọ̀nyí lóòótọ́, mélòó ló yẹ kó wà nílẹ̀ kí owó tó gbà tó lè ṣiṣẹ́? Ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé yóò tó 160 mílíọ̀nù. Ó wá wádìí iye tó wà káàkiri gbogbo ayé, nǹkan bíi 27,000 péré ni. Èkejì: ṣé Ponzi fi owó tirẹ̀ sínú òwò yìí? Rárá o, ibòmíràn ló ń kó owó tirẹ̀ sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1920, ọwọ́ òfin tẹ Ponzi.

Ẹ kíyè sí i, Barron kò dá ifá, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ka nǹkan ni. Ọlọ́jà tó lè ka àpò èlùbọ́ nínú mọ́tò lè ṣe ohun tí Barron ṣe.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀

Ẹ gbé tẹlifóònù yín, ẹ ṣí ibi ìṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ní òun yóò máa sọ 100,000 sẹ́fà di 200,000 láàárín oṣù kan, tí kò sì ní òwò kankan tó ń ṣe. Ènìyàn 10 kó owó wá, ó jẹ́ mílíọ̀nù kan. Nígbà tí oṣù bá pé, ó jẹ wọ́n ní mílíọ̀nù méjì. Ìdajì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó ní láti rí ènìyàn 10 mìíràn kó tó lè san án. Ó san án tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì ti jẹ àwọn 10 kejì yìí náà ní mílíọ̀nù méjì. Kó tó lè san tiwọn, ó nílò ènìyàn 20. Kó tó lè san ti àwọn 20, ó nílò 40. Lẹ́yìn 40, ó di 80.

Títí dé ibí yìí, kò tíì jọ ohun tó le. Ṣùgbọ́n ẹ máa fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀ lọ. Nígbà tó bá di oṣù kọkànlá, ènìyàn tuntun 10,240 ló gbọ́dọ̀ kó owó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó bá di oṣù kọkànlélógún, yóò nílò 10,485,760. Nígbà tí ìjọba ka àwọn ènìyàn Bẹ̀nẹ̀ ní 2013, gbogbo wa láti Malanville dé Kútọnu, tọmọdé tàgbà, títí kan ọmọ ọwọ́, jẹ́ 10,008,749. Gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó o. A kò sì tíì yọ èyí tí onítọ̀hún yóò fi kọ́ ilé àti èyí tí yóò fi ra ọkọ̀.

Ìdí nìyí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wó. Kì í ṣe pé orí àwọn kan kò dára, kì í sì í ṣe pé àwọn kan ṣe ìlara. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìṣírò rẹ̀ ti kọ̀.

Kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n pàápàá fi ń kó sí i?

Àwọn tó pàdánù owó kì í ṣe òmùgọ̀. Olùkọ́ wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn, ìyá ọlọ́jà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ òun jẹ rí náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń mú irú wọn ni ìdí mẹ́ta tó dà bí ẹ̀rí, tí kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Èkíní ni pé «ọ̀rẹ́ mi ti gba tirẹ̀». Òótọ́ ni, ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n owó ta ni wọ́n fún un? Bí kò bá sí òwò, owó ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni. Owó tí ọ̀rẹ́ yín gbà kò fi hàn pé òwò wà, ó kàn fi hàn pé ẹnì kan ti dé lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ń dúró de ẹni tí yóò dé lẹ́yìn yín.

Èkejì ni pé «àwọn ènìyàn ńlá ń bá wọn ya fọ́tò». Fọ́tò kì í ṣe ìwé àṣẹ. Olóṣèlú ń bá gbogbo ènìyàn ya fọ́tò.

Ẹ̀kẹta ni pé «olùfọkànsìn ni wọ́n». Ẹni tó ń gbàdúrà dáadáa lè má mọ ìṣírò. Ẹni tó sì mọ ìṣírò dáadáa lè máa gbàdúrà kí a lè gbà á gbọ́. Ohun kan náà ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

A mọ̀ pé nínú àṣà wa, kò rọrùn láti bi àgbà tàbí aṣáájú ìjọ léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù a máa bà wá kí wọ́n má baà pè wá ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: «Ẹ má bínú, bàbá, ó fẹ́ yé mi dáadáa ni. Ẹ bá mi ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń fi owó náà rà, ibi tí wọ́n ti ń tà á, àti iye tí wọ́n ń jèrè lórí rẹ̀.» Ẹni tó ní òwò gidi yóò ṣàlàyé. Ẹni tí kò bá ní, inú ni yóò bí i. Ìbínú náà jẹ́ ìdáhùn.

Bí owó ọjà bá ń dínkù

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó èlé nìkan ni a ń sọ. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Parakou gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọjà ń tà, àmọ́ owó rẹ̀ ń joro. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹni tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ti fi nǹkan sí ìsọ̀ òun. Bó bá dúró síbẹ̀, ọ̀tá ló ní, owó rẹ̀ kò sì ní padà.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ìwé. Èló ni wọ́n ń ra àpò èlùbọ́ lọ́dún tó kọjá, èló ni lónìí? Èló ni owó mọ́tò? Èló ni ọjà àwìn tó wà níta, ta sì ni kò tíì san? Ṣé inú owó ọjà ni a ti ń yọ owó ilé ìwé àti owó òkú? Èlùbọ́ mélòó ni kòkòrò jẹ? Bí ìyá yìí kò bá mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ìwé lè bá a kọ ọ́ lálaalẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ibi tí ihò wà nínú àpò yóò hàn kedere, ó sì ṣeé ṣe kó má kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá.

Àwọn tó ń bá Nàìjíríà ṣòwò ní ihò mìíràn tó fara sin. Owó sẹ́fà ní iye kan pàtó tí wọ́n so ó mọ́ yúrò, 655.957 sí yúrò kan. Naira kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀, pàápàá láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ, fún àpẹẹrẹ, pé ẹ ra ọjà 100,000 sẹ́fà nígbà tí sẹ́fà kan jẹ́ naira kan. Ẹ tà á láwìn ní 120,000 naira. Inú yín dùn pé ẹ ti jèrè 20,000. Oníbàárà san owó náà pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò yọ kọ́bọ̀. Àmọ́ sẹ́fà kan ti di naira kan àbọ̀. Ẹ lọ ṣẹ́ owó náà, 80,000 sẹ́fà ni wọ́n kà fún yín. Ẹ ti pàdánù 20,000, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò jà yín lólè. Ẹni tó bá béèrè pé «owó wo ni mo fi ra á, owó wo ni wọn yóò fi san án?» yóò ti mọ iye tó yẹ kó fi lé e, tàbí kó má tà á láwìn rárá.

Bí ọ̀nà bá dí ńkọ́?

Àròjinlẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ọ̀la. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn béèrè ohun tí òun yóò ṣe bí ọ̀la kò bá rí bí òun ṣe rò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2020 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, ẹnubodè Malanville tún tì. Parakou wà lójú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kan gáréèjì wa, ó kan ilé ìkẹ́rùsí wa, ó kan ọlọ́pọ̀ oúnjẹ pàápàá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fòfin de kíkó kaṣú tí wọn kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí jáde kúrò nílùú.

Kò sí ọlọ́jà tó lè dá èyíkéyìí nínú wọn dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, lọ́wọ́ oníbàárà kan ṣoṣo, lórí ọjà kan ṣoṣo, kò lè fara da ohun tí ẹlòmíràn lè fara dà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jókòó kí ẹ bi ara yín pé: bí ọ̀nà yìí bá dí fún oṣù mẹ́fà, kí ni a ó jẹ? Bí kò bá sí ìdáhùn, iṣẹ́ ọdún náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀ bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ sí òkè òkun lọ síṣẹ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ wo? Ta ni yóò mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání tó bá débẹ̀? Àǹfààní wo ni ẹni tó ń mú un lọ ń rí nínú rẹ̀? Bí iṣẹ́ náà kò bá sí ńkọ́, ta ni yóò san owó tó máa fi padà sílé?

Ìbéèrè márùn-ún tẹ́ ẹ lè kọ sí ara ògiri

1. Níbo ni èrè náà ti ń wá? Ohun wo ni wọ́n ń rà, ta ni wọ́n ń tà á fún?
2. Ta ló sọ ọ́ fún mi, kí ni òun náà ń jẹ nídìí rẹ̀?
3. Kí ni mo fi ojú ara mi rí, kí ni mo kàn gbọ́?
4. Ìdí mìíràn wo ló tún lè fa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi yìí?
5. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ṣé mo lè fara da òfò rẹ̀?

Ní ti àwọn tó ń gba owó, ẹ fi èyí kún un: ìwé tó fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan ti forúkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ láti máa gba owó ará ìlú pa mọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ ANSSFD ló ń mójú tó àwọn ilé owó kéékèèké tí kì í ṣe báńkì. Ẹ béèrè bóyá orúkọ wọn wà lára àwọn tó gba àṣẹ. Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé, ẹ rán ọmọ yín, ẹ má sì rán ọmọ ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín.

Ẹ sun oorun ọjọ́ kan lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àǹfààní náà yóò parí lónìí, ẹ jẹ́ kó parí. Iṣu tó dára kò ní kí ẹ má yí òun wò kí ẹ tó rà á.